Ta Ni Ó Lè Tú Ìgbéyàwó Olórùka Ká?

Púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú wa ni ó ti gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, tí wọ́n sì bá ti wọn lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì, kò sí ohun tí ó tíì parí.

Láti ìgbà tí Òfin Ìgbéyàwó ti dé sí Èkó ní ọdún 1884 ni ìgbéyàwó oríṣi méjì ti ń rìn pọ̀ láàárín wa: èyí tí a fi ìdáná àti owó orí ṣe lójú ẹbí, àti èyí tí a ń pè ní alárédè tàbí olórùka. (Ti yìgì ní ìlànà tirẹ̀, a kò fi í kún èyí.) Ti ìṣáájú, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká. Ti èkejì, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni òfin ọdún 1970 gbé e lé lọ́wọ́; adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, kò lè fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé tọkọtaya kan náà a máa ṣe méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ sì jọ̀wọ́, kì í ṣe òrùka ni ó ń sọ ìgbéyàwó di alárédè, kì í ṣe aṣọ funfun tàbí àkàrà òyìnbó. Bí àlùfáà bá kàn gbàdúrà fún ọkọ àti aya lẹ́yìn ìdáná, tí a kò gba ìwé lọ́dọ̀ rẹ́jísírì ṣáájú, tí a kò sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìjọba, ti ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé ìyàwó ní rẹ́jísírì, ìjà dé, ó lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, ìdáná nìkan ni ó sì sọ fún wọn. Wọ́n tú wọn ká. Ó san owó orí lórí obìnrin mìíràn. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ ilé, wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bímọ. Ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà kú, ìyàwó àkọ́kọ́ mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde, òfin sì wí pé òun ni aya. Àwọn ọmọ kò pàdánù, nítorí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí a fi bí a ti bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wọn, tí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò ní ipò aya. Bí ọkùnrin náà bá sì wà láàyè, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni ìwé òfin ọ̀daràn kọ fún ẹni tí ó gbé ìyàwó lé ìyàwó alárédè, bí a kò tilẹ̀ sábà rí ẹni tí a mú.

A mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún Ilé Ẹjọ́ Gíga. Kóòtù ìbílẹ̀ wà nítòsí, Yorùbá ni a ń sọ níbẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ní Gíga, agbẹjọ́rò kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò dí. Bí ọkọ àti aya bá ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnì kejì kò sì kọ̀, tàbí fún ọdún 3 bí ó tilẹ̀ kọ̀, adájọ́ lè tú wọn ká. Lẹ́yìn ìdájọ́, oṣù 3 yóò kọjá kí ó tó fi ìdí múlẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan kò lè ní sùúrù oṣù mẹ́ta yìí!

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn obìnrin oníṣòwò. Nínú àṣà wa, èrè obìnrin jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó dà sínú ilé ọkọ ni ó ń di àríyànjiyàn. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ní agbára láti pín ohun ìní bí ó bá ti tọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni yóò béèrè. Ẹni tí ó bá ra símẹ́ńtì, kí ó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ síbi tí òun nìkan mọ̀.

Ní tiwa, àwọn akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó gba owó ìwé ìpè, bóyá olùpẹ̀jọ́ ti fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un, kí wọ́n sì júwe Ilé Ẹjọ́ Gíga fún un ní ọjọ́ náà gan-an.