Ológbò Ìta Nínú Òtútù Ìlú Òyìnbó



Àwọn kan ń wí pé eré òyìnbó ni ìtọ́jú ológbò tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn ní ẹranko àjẹ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Abú Uráírà tí ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ hàdíísì wá fún wa, ìtumọ̀ orúkọ tí a fi ń pè é ni Bàbá ọmọ ológbò. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ti kìlọ̀ fún wa nípa obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé láìfún un ní oúnjẹ.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni mo ń bá wí. Ọyẹ́ tiwa níhìn-ín, aṣọ méjì ti tó o. Òtútù ti ọ̀hún a máa sọ omi di òkúta. Ológbò tí ó bá sùn síta nínú rẹ̀, etí àti ìrù rẹ̀ lè kú mọ́ ọn lára, òun pàápàá sì lè kú.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ wá àpótí igi tàbí ti ike tí ó ní ìdérí. Kí ó má ṣe tóbi jù, nítorí ooru ara wọn ni yóò mú un gbóná. Ẹ lu ojú kan sí i lára, kí ó fẹ̀ tó ínǹṣì 6, kí ẹ sì gbé e lé bíríkì. Ẹ má tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, nítorí aṣọ a máa fa omi. Pòròpórò wíìtì gbígbẹ ni kí ẹ kó sí i. Ẹ fi kún oúnjẹ wọn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi wọn kí ó tó di yìnyín.

Ológbò a tún máa wọ inú ẹ́ńjìnì mọ́tò lọ yá ooru. Kí ẹ tó ṣíná sí mọ́tò ní òwúrọ̀, ẹ gbá ìdérí ẹ́ńjìnì kí ó lè sá jáde. Omi tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ kí ó má baà dì, májèlé tí ó dùn lẹ́nu ni. Bí ó bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún kíá.

Ní ọdún 2016, òkìkí ìmáámù kan, Mustafa Efe, ti mọ́sálásí Aziz Mahmud Hüdayi ní ìlú Istanbul, kàn káàkiri ayé, nítorí pé ó gba àwọn ológbò ìgboro láyè láti wọlé sá fún òtútù. Kò sí àlèébù níbẹ̀, nítorí Ànábì ti fi yé wa pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé ọmọ ènìyàn tí ebi ń pa ńkọ́, mo dáhùn pé àánú kì í ṣe omi inú akèrègbè tí ń tán bí a ti ń bù ú. Ọkàn tí ó bá yọ́ sí ẹranko kò ní le sí aládùúgbò. Ológbò kò ní ẹnu tí yóò fi pè wá lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó dá a ń wò wá.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe aláàánú. Àmín.