Ògún Kọ́ Ló Gé Ìka Yín

Wọ́n tún ti ń parọ́ mọ́ Ògún. Lọ́sẹ̀ yìí, ọkùnrin kan ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó wá ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù nínú gàráàjì ilé rẹ̀, fi ìka méjì sílẹ̀ lẹ́nu ayùn oníná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti dá ẹjọ́ náà tán. Àwọn kan ní Ògún ló fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ní ará ilé ló ta á lọ́fà. Wọ́n tiẹ̀ ti ń wo ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀fọ́ nítòsí ibẹ̀ ní ìwò burúkú. Èmi dé gàráàjì náà, mo sì wo ẹ̀rọ yẹn dáadáa. Ìbòrí tí àwọn tó ṣe é fi sẹ́nu ayùn rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, nínú páálí, pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka abala yìí mọ ìjà tó wà láàárín èmi àti "Ọlọ́run á ṣọ́ wa." Mo ti torí ẹ̀ bá ọlọ́kadà tí kò dé akoto jà. Mo ti torí ẹ̀ bá àwọn tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì jà. Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà: ẹ ṣe tiyín ná. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kan àwọn tó ń la pákó nílé. Mo fẹ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹ̀rọ, eruku, àti iná.

Ẹ̀rọ ló ṣáájú. Gbogbo wa la mọ tábìlì ayùn tí àwọn káfíńtà wa máa ń tò fúnra wọn: mọ́tò àlòkù, bẹ́líìtì tó wà ní ìhòhò, abẹ ayùn tó yọ orí láàárín pákó, wáyà méjì tí wọ́n kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí súìṣì. Ó ń la igi, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ìbòrí. Kò sí irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó dúró lẹ́yìn ayùn, èyí tí kì í jẹ́ kí ojú igi tí a ti là pa dé. Tí igi bá pa dé, yóò fún ayùn pọ̀. Eyín tó wà lẹ́yìn ayùn ń yí bọ̀ wá sókè, yóò gbé igi náà, yóò sì sọ ọ́ lu ẹni tó ń tì í. Ẹni tó dúró gbọnrangandan sẹ́yìn igi ni yóò fi ikùn gbà á. Ọwọ́ tó ń ti igi náà, tí kò rí igi tì mọ́, orí ayùn ni yóò já sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró sí ẹ̀gbẹ́, tí a sì ń fi ọ̀pá pákó ti igi tó bá ti kéré. Ọ̀pá pákó kò lówó lórí, ara àjákù tó wà nílẹ̀ ni a ti ń gé e.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti iná ìjọba. Àwọn ẹ̀rọ tó péye ní súìṣì kan tó máa ń kú pátápátá bí iná bá lọ. Bí iná bá padà dé, ẹ̀rọ kò ní yí àfi kí ènìyàn tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tí a tò fúnra wa kò ní in. Iná lọ, igi há sẹ́nu ayùn, oníṣẹ́ na ọwọ́ láti yọ ọ́. Lójijì, ẹ gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo pé "Ọ́ọ̀pù NEPA!" Ayùn ti bẹ̀rẹ̀ sí yí, ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí iná bá ti lọ, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo bẹ̀ yín.

Ẹ tún wá wo ẹ̀rọ kékeré tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, tí àwọn káfíńtà ti sọ di ayùn igi. Èyí tó jẹ́ íńṣì mẹ́rin àbọ̀ nínú rẹ̀ ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á de abẹ ayùn tí wọ́n ṣe fún eré tí kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí pé abẹ náà tóbi ju ìbòrí rẹ̀ lọ, wọ́n á ṣí ìbòrí náà jù nù. Ọwọ́ kan ni wọ́n á fi dì í mú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ pákó mọ́lẹ̀. Ṣé Ògún ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọjà, CPSC, ṣírò pé ayùn orí tábìlì ń ṣe nǹkan bí 30,000 ènìyàn léṣe lọ́dún, ó sì ń gé ìka bí ènìyàn mẹ́wàá lójúmọ́. Wọn kò wá àjẹ́ kankan kiri. Wọ́n wá ọ̀nà sí i. Ní 1999, Steve Gass, onímọ̀ físíìsì tó tún jẹ́ agbẹjọ́rò, ṣe ayùn kan tó ń mọ̀ bí ara ènìyàn bá kàn án, tí yóò sì dúró kí ó tó gé jìnnà. Ó fi sọ́séèjì dán an wò, lẹ́yìn náà ó fi ìka ara rẹ̀. Ayùn bẹ́ẹ̀ wọ́n, n kò ní kẹ́ ẹ lọ rà á. Ìbòrí tẹ́ ẹ ti sanwó rẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ dá padà sáyè ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nípa ti Ògún ni pé a mọ ẹni tó jẹ́. Ní kóòtù wa títí dòní, ẹni tó ń bọ Ògún máa ń fi irin búra pé òtítọ́ ni òun yóò sọ. Irin tí a fi ń lé irọ́ ní kóòtù náà la wá ń parọ́ mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá tó bí ìyá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ odó, ó gbẹ́ ère. Ó sì ń bọ Ògún lọ́dọọdún, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí bàbá yìí bá gbé àáké sókè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá wá jíṣẹ́ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí yóò fi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ṣíwọ́. Bí inú bá ń bí i, ó ṣíwọ́. Ẹmu rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà títí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fi parí. N kò gbọ́ ọ rí kó ní nítorí pé òun ti bọ Ògún, òun lè máa wo ojú títì nígbà tí àáké ń bọ̀ nílẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló gbé wọ sàréè. Àwọn tó ń ké pe Ògún lónìí kò ní sùúrù tí àwọn olùbọ Ògún ní. "Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́" ni wọ́n ń sọ. Yorùbá ti dá wọn lóhùn tipẹ́: òwò tí àdá bá mọ̀ ní í ká àdá léyín.

Eruku ló kàn. Kì í gé ìka, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ń pariwo. Ẹni tó bá ti la ìrókò mọ bí ó ṣe ń mú ara yún ni, tó sì ń fún àyà pọ̀. Eruku igi mansóníà máa ń mú kí ènìyàn sín títí imú á fi ṣẹ̀jẹ̀. Ní High Wycombe, ìlú àwọn aṣàga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun, Esme Hadfield, ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1960 pé jẹjẹrẹ inú imú, tó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, ń pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe àga. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí náà jáde ní 1968. Ní 1995, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi eruku igi sí ìsọ̀rí kìíní àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ìsọ̀rí yẹn náà ni èéfín tábà wà. Àìsàn yìí lè tó ogójì ọdún kó tó yọjú. Nígbà náà, ẹni tó fà á símú ti di bàbá àgbà, kò sì ní rántí pákó kankan.

Kí ni ìwòsàn tí àwọn ọ̀gá ń fún ọmọ iṣẹ́ wọn? Mílíìkì! Wọ́n á ní kó mu mílíìkì agolo, kó lá epo pupa, pé yóò fọ eruku kúrò láyà. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni eruku wà. Ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Ìbòmú tó ń dá eruku dúró ni ọmọ náà nílò, èyí tí wọ́n ń pè ní N95, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Kó ṣiṣẹ́ níta gbangba bí kò bá sí òjò, kó fi omi wọ́n ilẹ̀ kó tó gbálẹ̀.

Mo ní màá sọ̀rọ̀ nípa iná lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹ kàn gbọ́ ọ báyìí: ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú gàráàjì, ẹ má dá sítóòfù níbi tẹ́ ẹ ti ń kun fánísì, ẹ kó ìyẹ̀fun igi kúrò nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́. Tí àgbàlagbà bá ṣí ìbòrí ayùn tirẹ̀, ìka tirẹ̀ ló fi ta tẹ́tẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n mú wá láti abúlé kò rí ayùn tó ní ìbòrí rí. Ó rò pé bí ẹ̀rọ ṣe ń rí nìyẹn. Tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, wọ́n á ní ojo ni. Tó bá gé ìka, wọ́n á ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ń lé e kiri. Òfin ilẹ̀ wa kò fara mọ́ èyí. Factories Act ti 1987 ka ibi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn sí ilé iṣẹ́, ó sì pọn ọ́n ní dandan pé kí ìbòrí wà lára ẹ̀rọ tó léwu. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé wà nínú rẹ̀.

Bí ọjọ́ burúkú bá ṣì dé, ẹ má da bẹntíróò sí ojú ọgbẹ́, ẹ má da kàlọ́sínì, ẹ má lọ ewé sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù wé ìka tó já, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ di ọ̀rá náà, kẹ́ ẹ tó gbé e lé yìnyín. Ìka fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan yìnyín tàbí omi. Ilé ìwòsàn lẹ ń gbé ẹni tó fara pa àti ìka náà lọ tààrà, kì í ṣe ilé babaláwo, kì í ṣe orí òkè àdúrà. Ẹ rí i dájú pé wọ́n gún ẹni náà ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó fi ọmọ yín síbi iṣẹ́ káfíńtà, ẹ ní kí ọ̀gá mú yín dé ìdí ẹ̀rọ. Bí ìbòrí kò bá sí lórí ayùn, ẹ mú ọmọ yín padà sílé. Ẹ̀yin ọ̀gá, ìka mẹ́wàá ni ọmọ náà gbé wá. Ìka mẹ́wàá lẹ gbọ́dọ̀ dá padà lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù.