Kí Ló Wà Nínú Kẹ́ẹ̀gì Yìí Tẹ́lẹ̀?

Alákàrà kan wà lẹ́bàá Pen Cinema l'Ágége tí mo máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tó ń da òróró sínú agbada látinú kẹ́ẹ̀gì búlúù kan. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nílé iṣẹ́ kò tíì ṣí tán. Àwòrán agbárí òkú ṣì hàn lára rẹ̀.

"Ìyá, kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí tẹ́lẹ̀?"

"Ọmọ mi, mo ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́."

Kò purọ́. Àmọ́ n kò jẹ àkàrà lọ́jọ́ náà.

Ilé iṣẹ́ pọ̀ láti Ọba Àkran dé Ọ̀gbà. Kẹ́ẹ̀gì àti dúróòmù tí wọ́n bá lò tán kì í pẹ́ dọ́jà. Ohun tó bá sì ti wọ ara ike, ọṣẹ kì í fọ̀ ọ́ jáde. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni òjé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ti inú oúnjẹ kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Codex, ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, kò fẹ́ kí òjé ju 0.08 mílígíráàmù lọ nínú kìlógíráàmù òróró kan. Nínú odindi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, kò tó mílígíráàmù méjì. Ahọ́n wo ló fẹ́ mọ ìyẹn?

Ẹ̀rọ ló lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òróró kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀rọ rọrùn. Ásíìdì líle ni wọ́n sábà máa ń fi sè é títí yóò fi jó tán, èéfín rẹ̀ kò sì dára fẹ́ni tó ń ṣe é. Ọ̀nà mìíràn ti yọjú. Ní 2003, onímọ̀ kẹ́mísírì Andrew Abbott àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leicester fi hàn pé bí a bá po choline chloride, èyí tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ adìyẹ, mọ́ yúríà tí àgbẹ̀ ń fún àgbàdo, ohun gbígbẹ méjèèjì á di omi. Àwọn onímọ̀ ti ń lo irú omi bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ásíìdì díẹ̀, láti fa òjé jáde nínú òróró kí ẹ̀rọ tó kà á. (Ẹ má dán an wò nílé o!)

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, kẹ́ẹ̀gì tí òróró nìkan ti wà nínú rẹ̀ rí ni kí ẹ máa gbà. Bí ọjà tuntun bá wọlé, ẹ dáwó jọ, ẹ bu òróró ìgò kan lọ sí FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba tó wà l'Óṣòdì, kí ẹ sọ fún wọn pé òjé lẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin l'Ágége, Ìkẹjà ló máa kọ́kọ́ dúró sí, Òṣòdì ló tẹ̀ lé e.