Ọkọ̀ Kékeré Ni Kí A Fi Kọ́ Ọ̀nà Líle

Ọ̀rọ̀ eré ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwọn ọmọ wa ń náwó, wọ́n sì ń lo àkókò wọn nídìí eré ìdíje ọkọ̀ orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní géèmù. Àwọn òbí mìíràn gbà pé òfò pátápátá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń yan ọkọ̀ tí kò yẹ wọ́n, àti pé àṣà yìí lè tẹ̀ lé wọn dé orí títì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé eré kan ní àdúgbò wa. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, owó wákàtí ni wọ́n sì ń san. Eré Gran Turismo ni wọ́n ń ṣe, ọ̀nà tí wọ́n sì yàn ni Nürburgring ti ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú ọkọ̀ tí ó lágbára jù lọ. Láàárín ìdajì wákàtí, ó ti forí ọkọ̀ sọ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbàkígbà tí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í léèrè bí ìdajì ọ̀nà náà tí ó kẹ́yìn ti rí. Ó wò mí lójú, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, n kò tíì dé ibẹ̀ rí.”

Kò yà mí lẹ́nu. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí láàárín igbó àti òkè Eifel. Gígùn ọ̀nà àtijọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Nordschleife, lé ní 20 kìlómítà, kọ́nà 73 ni ó wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi tí ó ga jù lọ àti ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ sì tó 300 mítà. Ọ̀pọ̀ kọ́nà ni ó fara pamọ́ sẹ́yìn gegele, tí awakọ̀ kò ní í rí títí yóò fi dé orí rẹ̀. Ní ọdún 1976, iná jó Niki Lauda níbẹ̀, díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Láti ìgbà náà ni ìdíje Formula One kò ti sáré lójú ọ̀nà àtijọ́ yìí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Lórí ọ̀nà kúkúrú, bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe ní kọ́nà kan, láìpẹ́ ni yóò tún yípo padà dé ibẹ̀. Lórí Nordschleife, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí ó tó tún rí kọ́nà kan náà. Ẹni tí ó bá ń já kúrò lọ́nà ní kìlómítà kẹfà, tí ó sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kìlómítà mẹ́fà náà nìkan ni ó ń kọ́. Owó ogún ni ó san, mẹ́fà ni ó rà.

Ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń já kúrò lọ́nà jù lọ ni ẹ̀yìn ibi kan tí wọ́n ń pè ní Fuchsröhre. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, nítorí náà mo wá ìtumọ̀ rẹ̀: ihò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ó tún gun òkè, lẹ́yìn náà ni kọ́nà tí ó há, Adenauer Forst, yọ lójijì. Ọkọ̀ alágbára a ti sáré kọjá ibi tí ó yẹ kí a ti tẹ ìjánu kí ojú ọmọ tó rí kọ́nà. Bí ó bá sì tẹ tọ́tù jù, ìdí ọkọ̀ a ju síta, ọmọ kò sì ní í mọ̀ bóyá ọ̀nà ni òun kò mọ̀ tàbí ọkọ̀ ni òun kò lè káwọ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo ní kí ó mú Honda Fit. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ̀ tí a fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe eré náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: nínú Gran Turismo 7 tí ó jáde ní ọdún 2022, Honda Fit, Toyota Aqua àti Mazda Demio ni wọ́n kó síwájú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé kí ó mú ọ̀kan. Ọkọ̀ kékeré tí táyà iwájú ń fà ni wọ́n. Bí a bá sáré jù wọ kọ́nà, imú ọkọ̀ a máa lọ síta díẹ̀díẹ̀; bí a bá dẹwọ́ tọ́tù, a padà wálé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá ọmọ wí, kì í pa á. Ìyípo kan gba ọmọ náà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀, ó sì rí Karussell, kọ́nà onísìmẹ́ńtì tí ó tẹ̀ bí abọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó fi ọkọ̀ tí kò yá kọ́ ọ̀nà yóò tún un kọ́ nígbà tí ó bá bọ́ sínú ọkọ̀ alágbára, nítorí pé ibi tí a ti ń tẹ ìjánu kò ní í jẹ́ ọ̀kan náà. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹnikẹ́ni wà nínú ọkọ̀ kékeré títí láé. Ṣùgbọ́n kọ́nà kò ní í kúrò níbi tí ó wà, gegele kò sì ní í ṣí nípò. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn gegele, ìjánu nìkan ni ó kù tí yóò tún kọ́. Bí ó bá ti yípo nígbà mẹ́wàá láìtẹ koríko, kí ó bọ́ sínú ọkọ̀ bíi Mazda MX-5, tí ó fúyẹ́, tí táyà ẹ̀yìn sì ń tì, kí ó tó dé orí alágbára. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ alágbára ni aṣọ. Ìyípo tí a ti parí ni àkísà.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nìyí. Ọmọ náà ti pé ọdún 18, ọjọ́ orí tí òfin fi gba ènìyàn láyè láti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra ọkọ̀ fún un, wọ́n sì fẹ́ kí ó wà á lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Kejìlá. Ọkọ̀ alágbára ni ọmọ náà ń béèrè, ó ní òun ti mọ Nürburgring. Jann Mardenborough mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ìdí géèmù ni òun pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀: ó borí nínú ìdíje GT Academy ní ọdún 2011, ó sì di awakọ̀ ìdíje gidi. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, lórí Nordschleife yìí kan náà, ọkọ̀ rẹ̀ gbéra nílẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Flugplatz, ó fò kọjá ọgbà, òǹwòran kan sì kú. N kò sọ èyí láti dá a lẹ́bi. Mo sọ ọ́ nítorí pé lójú títì, kò sí bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kí a lè tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n wa bọ́lẹ̀kájà mọ èyí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn kì í jókòó sídìí sítíárìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń wà, igi ni ó ń fi há táyà, ó sì ń mọ òkè àti afárá kí ó tó mọ jíà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ̀gbọ́n mi ra ọkọ̀ kékeré, kí ọmọ fi rìn láàárín Kánò fún oṣù díẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ jókòó ti awakọ̀ àgbà lọ sílé lẹ́ẹ̀kan, láti Zaria dé Kàdúná, dé Jẹ́bà, dé Ìlọrin, kí ó tó wà á fúnra rẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọn kò tíì fún mi lésì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe lé ọmọ yín kúrò nílé eré. Ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í léèrè ọkọ̀ tí ó mú àti ìdí tí ó fi mú un. Èsì rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti yẹ kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni ó ń le koko.