Asọ̀rọ̀mágbèsì Gbọ́dọ̀ Kọ́ Láti Gbèsì

Nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ rí àpótí tí ń sọ̀rọ̀ lára ògiri, orúkọ tí wọ́n fún un ni Asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọn kò fi orúkọ náà ṣe àwàdà. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn wọ inú ilé ní Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù sì ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Òyìnbó a sọ̀rọ̀, àwa a gbọ́. Ó parí náà nìyẹn.

Ohun tí ó fara sin sínú orúkọ yìí hàn kedere ní ọdún 1953. Lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí ìjọba ara-ẹni, Gómìnà Macpherson gba orí rédíò lọ, ó bẹnu àtẹ́ lu Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Olóyè bèèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Nínú ìfinidu yìí ni ìpinnu ti jáde pé Ìwọ̀ Oòrùn yóò ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Gbígba àpótí kúrò lọ́wọ́ Òyìnbó kò sọ pé ará ìlú ti rí àyè fèsì. Ní ọdún 1965, nígbà tí ìbò Ìwọ̀ Oòrùn di ìjà, inú ilé iṣẹ́ Ìbàdàn kan náà ni ẹnìkan ti yọ ìbọn, tí ó fi ohùn mìíràn rọ́pò ohùn Olórí Ìjọba, Olóyè Akíntọ́lá. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan Wọlé Ṣóyínká. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ológun pẹ̀lú ti mọ ọ̀nà ilé rédíò. Ní Kàdúná ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, ní Èkó ní oṣù Èrèlé 1976 àti ní oṣù Igbe 1990, ibẹ̀ ni wọ́n sáré lọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá a lóhùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọba tán.

Lónìí, ayé ti yí. Òfin ọdún 1992 ti fún aládàáni láyè láti dá ilé iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán sílẹ̀. Ará ìlú ń pe ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n ń bá olóòtú jiyàn, ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ sì lè tan ìròhìn kálẹ̀. A yọ̀ fún èyí. Síbẹ̀, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Àwọn tí ń dúró ti ọ̀rọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ní oṣù Ògún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ ilẹ̀ wa, ìròhìn kan tí kò ní olúwa gba orí fóònù kálẹ̀ lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdílé ti ń jí ìdílé. Omi iyọ̀ kò wo Ebola. Ó sọ àwọn kan di èrò ilé ìwòsàn.

Èrò wa ni pé iṣẹ́ ìròhìn orí afẹ́fẹ́ ti yí padà. Nígbà kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ sọ. Nísinsìnyí, fóònù ti máa ń ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún un, tí ó sì tóbi jù, ni kí ó wádìí, kí ó dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀, kí ó sì fún ẹni tí a bá wí ní àyè láti fèsì. Ilé iṣẹ́ tí owó ìlú ń bọ́, ti ìlú ni, kì í ṣe ti gómìnà. Bí oríkì ìjọba nìkan bá ni a ń gbọ́ níbẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú bí ará ìlú bá lọ gba àhesọ gbọ́. Abala 22 Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún rédíò àti amóhùnmáwòrán ní òmìnira láti mú kí ìjọba jíhìn fún ará ìlú. Kí wọ́n lò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ipa tiyín kò kéré. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti bi ìròhìn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó sọ ọ́? Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ǹjẹ́ a ti gbọ́ tẹnu ẹnìkejì? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè wọ̀nyí, gómìnà kan kò ní lè fi rédíò tàn án, bẹ́ẹ̀ ni àhesọ òru kò ní lè jí i mu omi iyọ̀.