Ilẹ̀kùn Kejì Ńkọ́?

Ní gbogbo oṣù Kejìlá ni pósítà olórin máa ń bo ògiri Èkó, láti Ìkẹjà títí dé Victoria Island àti Lekki. Àwọn ọmọ wa á ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà wálé, kílọ́ọ̀bù á kún fọ́fọ́, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn lẹ́nu ijó.

Ohun kan ṣoṣo ni a máa ń sọ lórí pẹpẹ nípa rẹ̀: ẹ má lọ síbẹ̀. A kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa parí sí? Ọmọ wa wà nínú ilé yẹn. Síkiọ́rítì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí káàkiri, ẹni tó ń fọ ilé ìtọ̀, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n wá wá. Òmíràn nínú wọn á ti ibẹ̀ wá sí ìsìn àárọ̀. Bí iná bá sọ, ta ni yóò dáhùn fún ẹ̀jẹ̀ wọn?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2004, iná sọ nínú ilé orin Cromañón ní Buenos Aires, ní Argentina. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pàjáwìrì pa kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ènìyàn 194 ló kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ní Santa Maria, ní Brazil, olórin kan tan iná aláràbarà nínú kílọ́ọ̀bù Kiss. Ó ran fọ́òmù tí wọ́n fi bo àjà. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Ènìyàn 242 ló kú, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ó ti kan àwa náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, Asake, ọmọ Yorùbá, wá kọrin ní Brixton, ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrò ya lu ẹnu ọ̀nà, ènìyàn méjì sì kú. Ọ̀kan jẹ́ síkiọ́rítì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, èkejì jẹ́ ìyá ọlọ́mọ méjì.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èéṣe tí ilé tó gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò fi ní ẹnu ọ̀nà kan? Kì í ṣe èṣù ló ti ilẹ̀kùn Cromañón. Ìfẹ́ owó ni. Nínú Deuteronomi 22:8, Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tó kọ́ ilé tuntun pé kí ó ṣe odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí ilé náà. Kò béèrè bóyá olódodo ni ẹni tó gun òrùlé.

Kí a tó tọ́ka sí kílọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọ kan ní Port Harcourt pe àwọn aláìní wá gba ẹ̀bùn. Wọ́n tẹ ara wọn pa lẹ́nu géètì, ó kéré tán ènìyàn 31. Nínú àwa tí à ń ṣe ìṣọ́ òru, mélòó ló fi ṣéènì de ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí olè, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń tú èéfín lẹ́bàá fèrèsé?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ìṣọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ti gba ọmọ níyànjú tí kò gbọ́, ẹ kọ́ ọ kí ó wá ilẹ̀kùn kejì kí ó tó jókòó, kí ó sì mọ nọ́ńbà 767 àti 112. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá mọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní àdúgbò yín, ẹ kọ̀wé sí Lagos State Safety Commission nísinsìnyí, kì í ṣe lẹ́yìn ìsìnkú.

Jésù tó kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀ kò ní kí a jẹ́ kí wọ́n jóná kí wọ́n tó ronú pìwà dà. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.