ÈJÌKÁ TÓ GAN KÌ Í ṢE ÌWÀ Ọ̀LẸ

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ọkọ̀ ni a sábà máa ń sọ ní ojú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ èjìká ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́, kí ó farabalẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ ní láti tà ni agbára apá rẹ̀. Ọjọ́ tí apá kò bá gbé sókè mọ́, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ di ti ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ gbá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tàbí kí ó já bọ́ láti orí ẹrù ní Mile 12, egungun apá rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Wọ́n fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa sinmi. Ojú ọgbẹ́ jiná, egungun so pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú aṣọ ọrùn, èjìká kò yí mọ́. Kò lè gbé ọwọ́ dé orí láti ya irun. Ìyàwó ló ń bá a wọ bùbá. Kò lè yọ owó nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Lóru, bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, ìrora á jí i. Àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú fún náà ń bá irú èyí pàdé, nítorí pé ìrora àti ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n lo apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Awakọ̀ tí èjìká rẹ̀ gan kò lè yí sítíárìn dáadáa. Kọ̀ndọ́kítọ̀ kò lè di irin ọkọ̀ mú. Ẹni tó ń to páálí ní ilé-iṣẹ́ kò lè nawọ́ dé òkè. Ní ilé, wọ́n á ní ayé ló fi ṣe é. Ní ibi iṣẹ́, súpáfáísọ̀ á ní ọgbẹ́ ti jiná, kí ló tún kù? Ọ̀lẹ ni. Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ ti jókòó sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, a sì mọ bí ó ṣe ń dun ènìyàn tó.

KÍ NI ÀÌSÀN NÁÀ?

Oríkèé èjìká ló ń yí jù lọ nínú gbogbo oríkèé ara. Àpò kan ló bò ó, tó sì di àwọn egungun rẹ̀ mú pọ̀. Bí àpò yìí bá wú, tó nípọn, tó sì fún pọ̀, egungun kò ní rí àyè yí mọ́. Ó dà bí aṣọ tó súnkì lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́: ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sanra sí i, aṣọ ló fún. Dókítà Codman ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ló pè é ní frozen shoulder ní 1934, ìyẹn èjìká tó dì bíi yìnyín. Àwa ń pè é ní èjìká tó gan.

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 60 ọdún ló ń mú jù, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ wà nínú ewu rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n gbé apá rẹ̀ kọ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìpalára. Nígbà mìíràn, ó máa ń wá láìsí ìdí kan tí a lè tọ́ka sí.

Ìpele mẹ́ta ló ní. Ní àkọ́kọ́, ìrora ló pọ̀, ó sì lè gba oṣù 2 sí 9. Ní èkejì, ìrora á dín kù, ṣùgbọ́n èjìká á gan pátápátá, fún oṣù 4 sí 12. Ní ẹ̀kẹta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Èyí lè gba oṣù 5 sí ọdún 2. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá àwọn kan kì í yí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀yin fúnra yín kò lè gbé apá náà, ẹlòmíràn kò sì lè bá yín gbé e kọjá ibi kan. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Bí apá bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ sáré lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí ojú iṣẹ́ abẹ bá sì pọ́n, tó ń ṣe ọyún, tàbí tí ara yín gbóná, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fa apá náà. Àwọn kan á ní kí ọkùnrin méjì di ènìyàn mú, kí ẹnì kẹta fa ọwọ́ rẹ̀ sókè títí yóò fi dún. Egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so lè tún kán, irin tí wọ́n fi dè é lè ṣí, oríkèé sì lè yẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ má sì fi oògùn ìrora ṣe oúnjẹ. Àpòpọ̀ oògùn oríṣiríṣi tí wọ́n ń tà ní gáréèjì lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ má pa apá náà tì pé ìgbà tí kò bá dun yín mọ́ ni ẹ ó tó lò ó. Bí ó bá ṣe ń jókòó lásán tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gan sí i.

Ọ̀NÀ ÌTỌ́JÚ TÓ WÀ

(1) Físíò. Òun ni ìpìlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ nípa ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iṣan tí wọ́n rán lè nílò bí ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó lágbára. Bí ó bá ti fún yín láyè, oníṣẹ́ físíò yóò kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó máa ṣe nílé. Ẹ fi aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé èjìká fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi ọwọ́ tó dára di tábìlì mú, kí èyí tó gan rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ máa fì í síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú kọ ògiri, kí ẹ máa fi ìka gùn ún díẹ̀díẹ̀ bí èèrà. Níbi tó bá ti fà díẹ̀, ẹ dúró. Níbi tí ìrora bá ti pọ̀, ẹ padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

(2) Abẹ́rẹ́ steroid sínú oríkèé. Ó máa ń mú ìrora rọlẹ̀, pàápàá ní ìpele àkọ́kọ́, kí físíò lè rọrùn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí pé ó máa ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn dókítà kan tún máa ń fi omi pẹ̀lú oògùn sínú àpò náà láti fẹ̀ ẹ́.

(3) Kí dókítà fi oògùn mú yín sùn, kí ó sì tú èjìká náà. Ẹnìkan á bi wá pé, ṣé kì í ṣe fífà tí ẹ ní kí á sá fún nìyí? Rárá. Dókítà ti wo fọ́tò egungun, ó mọ̀ pé ó ti so, ó sì mọ ibi tí yóò dúró.

(4) Iṣẹ́ abẹ láti ojú ihò kékeré, tí wọ́n fi ń gé àpò tó fún náà.

Ní 2020, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní The Lancet tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 35 ní Britain, pẹ̀lú ènìyàn 503. Wọ́n fi físíò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wé títú èjìká lójú oorun, àti iṣẹ́ abẹ ihò kékeré. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí èyí tó fi gbangba ta àwọn yòókù yọ, iṣẹ́ abẹ ló sì ní ewu jù. Kì í ṣe àwọn tí ìpalára ńlá mú èjìká wọn gan ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yìí, nítorí náà ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí gbọ́dọ̀ bi dókítà tirẹ̀: ṣé egungun ti so? Ṣé irin wà níbi tó yẹ? Kí ni ewu ọ̀nà yìí, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá dúró? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé físíò kì í ṣe ìtọ́jú tálákà. Ìtọ́jú gidi ni. Ohun tó ń fẹ́ ni àkókò.

Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́

Àkókò yìí gan-an ni wọn kì í fún òṣìṣẹ́. Ọsibítù Ìgbòbì kò jìnnà sí Kétu. Ojú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà ló wà. Ibẹ̀ ni físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1945, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ físíò méjì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àwọn ará rélùwéè tí Bàbá Michael Imoudu jẹ́ olórí wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọjà tó wọ́n tí owó wọn kò ká mọ́. Ìjọba òyìnbó mọ̀ pé sójà tó gbọgbẹ́ nílò ìtọ́jú tó gùn kí apá rẹ̀ tó tún ṣiṣẹ́. Ara òṣìṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti sójà.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tí yóò gba owó rẹ̀ nígbà àìsàn, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò. Físíò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ ìgbà 24. Bí ilé-iṣẹ́ bá ka ìgbà kọ̀ọ̀kan sí odidi ọjọ́ kan, ọjọ́ 12 náà á tán ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa físíò tì, tí wọ́n ń padà sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú apá kan.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni ìpalára náà ti ṣẹlẹ̀, Òfin Owó Ìtanràn Òṣìṣẹ́ ti 2010 wà fún yín. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín láàárín ọjọ́ 14. Òun náà gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NSITF láàárín ọjọ́ 7. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó ètò yìí, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó yín nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń jíṣẹ́ owó lójoojúmọ́ fún ọlọ́kọ̀, tí kò sí ẹni tó ń san èyí fún yín, ẹ wádìí ètò Ìlera Èkó, kí ẹ sì béèrè bóyá físíò wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ béèrè nígbà tí a bá tún jókòó lórí ìwé àdéhùn:

(i) Kí wọ́n ka físíò sí wákàtí tí ó gbà, kì í ṣe odidi ọjọ́, kí wọ́n má sì yọ ọ́ nínú ọjọ́ 12 ti òfin.

(ii) Kí ẹni tí èjìká rẹ̀ gan rí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, láìdín owó rẹ̀ kù, títí dókítà yóò fi ní ó tó.

(iii) Kí wọ́n má ṣe lé ẹnikẹ́ni nítorí èjìká láìsí ọ̀rọ̀ dókítà.

Àwọn ọ̀gá á ní àwọn kan yóò fi ṣe màkàrúrù. Ìdáhùn wa rọrùn: káàdì físíò wà, ọsibítù ń kọ ọjọ́ àti àkókò sí i. Ẹni tí kò bá ní káàdì, ẹgbẹ́ kò ní gbèjà rẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn ọ̀gá náà ṣe ìṣirò tiwọn: wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ kéré sí kí wọ́n pàdánù òṣìṣẹ́ tó ti mọ ẹ̀rọ láti ogún ọdún.

Ẹ̀yin náà, ẹ tètè lọ. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ apá, èjìká tàbí ọmú, kí ó béèrè físíò kí ó tó kúrò ní ọsibítù. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé yín, kí ẹ sì mú ẹ̀dà wọn wá fún aṣojú yín kí ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́. Ẹni tí súpáfáísọ̀ bá pè ní ọ̀lẹ, kí ó má dá lọ dáhùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!